Ògbufọ̀ Kì í Ṣe Lọ́yà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kóòtù ni mo ti ń bọ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà láàyè ni, ẹ ò bá ti bọ́ awò ojú yín, kẹ́ ẹ fi etí bùbá nù ún, kẹ́ ẹ tó bi mí pé kí ni mo wá lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ ò fẹ́ kí ìkankan nínú àwa ọmọ yín dé ẹnu ọ̀nà kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti ṣiṣẹ́ títí irun yín fi funfun.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Mápó nínú oòrùn, ẹ̀yin ni mò ń rò. Ojoojúmọ́ lẹ ń gba ọ̀nà yẹn, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, ẹ̀yin àti agboòrùn dúdú yín. Ẹ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Màámi ti fi sítáàṣì sí títí tó fi le bíi pákó, ẹ ó ju orógbó sẹ́nu nítorí ohùn, ẹ ó sì máa kí èèyàn láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dé Ọjà'ba. Bí a bá bá yín jáde, a kì í tètè dé, torí kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ ò ní béèrè ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe ògbufọ̀ nínú ilé? Bí Màámi bá ń bínú sí yín, ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ó wá kọjú sí àwa ọmọ, ẹ ó sì tú èébú náà sí Gẹ̀ẹ́sì kóòtù, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ibi tí Màámi bá ti bú sẹ́rìn-ín, ìjà parí nìyẹn. Mi ò tíì rí ọkùnrin mìíràn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ ìyàwó tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tẹ́ ẹ dé tẹ́ ẹ ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Mo wà lábẹ́ tábìlì, mò ń bó ẹ̀gúsí, ẹ ò rí mi. Ẹ ò bọ́ bàtà, ẹ ò jẹun. Ẹ kàn jókòó, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ Làmídì fún Màámi.

Káfíńtà ni Làmídì, ní Bẹẹrẹ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n mú un wá síwájú adájọ́, onílé kan ló ní ó jí jẹnẹrétọ̀ òun. Kò ní lọ́yà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú òun lè béèrè fún lọ́yà. Adájọ́ ní ṣé ó jẹ̀bi, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì dáhùn pé, "Mo gbé e, Olúwa mi." Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ó ní òun jí i. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹjọ́ ti tán. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ìgbà tí ọlọ́pàá ń fà á kọjá níwájú yín ló tó wò yín lójú.

"Bàbá ògbufọ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe ni o! Onílé fúnra rẹ̀ ló rán mi!"

Ẹ nawọ́ sókè, ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Adájọ́ ní kẹ́ ẹ jókòó, pé ògbufọ̀ kì í ṣe lọ́yà. Wọ́n sì pe ẹjọ́ tó kàn.

"Ìyá Kọ́lá," lẹ wí fún Màámi, "ká ní ó ní lọ́yà ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni lọ́yà yẹn ì bá bi í. Ẹyọ kan péré." Ẹ wá bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún yín rí títí di ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ ò sọ "gbé" nínú ilé wa mọ́. Ẹ ó ní, "Mú àga yẹn wá." Ẹ ó ní, "Ẹ ru àpótí yìí wọlé." Èmi àti Kọ́lá máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní kọ̀rọ̀, a máa ń dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣì í sọ. Ẹ ò ṣì í sọ rí. Ẹ foríjì wá. Ẹ lọ kí Làmídì lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó ní òun ò fẹ́ rí yín. Ẹ tún lọ, ó tún kọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ, Bàbá? Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò mọ Ràfátù. Ẹ̀yìn yín ló kó dé àdúgbò wa. Aṣọ ló ń bá àwọn èèyàn fọ̀, ó sì ń fọ tèmi náà látìgbà tí orúnkún ti ń yọ mí lẹ́nu. Obìnrin kan tó ń fọṣọ fún ní Òkè Padre ní aago ọwọ́ wúrà òun sọnù, pé Ràfátù ló jí i, torí kò sẹ́lòmíì tó ń wọ yàrá òun. Wọ́n tì í mọ́lé. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Mo lọ wò ó ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Màmá Tíṣà," ló wí, "wọ́n ní bí mo bá gbà pé mo jẹ̀bi, adájọ́ á ṣàánú mi, màá tètè délé bá ọmọ mi. Mo fẹ́ gbà."

"Ṣé o mú un ni?"

"Mi ò mú un, mà."

"Má gba ohun tó ò ṣe. O lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà, bó ò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀."

Ta ló kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn bí kò ṣe ẹ̀yin? Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Àgọ́dì, mò ń béèrè láti ilé kan sí òmíràn títí mo fi rí ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tí ìjọba ń sanwó fún nítorí àwọn aláìní. Lọ́yà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí ni mo bá níbẹ̀, fáìlì kún iwájú rẹ̀ débi pé orí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó ní, "Mà, àwọn tó ń dúró dè mí pọ̀. Mi ò lè ṣèlérí." Mo padà lọ. Mo tún padà lọ. Nígbà kẹta, ó mú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi Ràfátù ni pé, "Ibo lẹ wà lọ́jọ́ tí aago náà sọnù?"

Ràfátù wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Ọ̀yọ́ ni mo wà. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ màmá mi là ń ṣe."

Látìgbà tí wọ́n ti mú un, kò sẹ́ni tó bi í. Èmi pàápàá ò bi í. Èmi, ọmọ yín!

Lónìí, obìnrin náà sọ fún kóòtù pé ọjọ́ Sunday lòun bọ́ aago náà nígbà tóun ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pé nígbà tó fi di Monday òun ò rí i mọ́. Àáfà tó ṣáájú àdúrà náà wá láti Ọ̀yọ́, ó jẹ́rìí pé láti Friday títí di Wednesday, Ràfátù ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Adájọ́ dá a sílẹ̀. A mú un délé, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ sì yí ojú sí àyà aládùúgbò tó ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni. Ìgbà yẹn ni Ràfátù tó sunkún.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọlé wá jókòó sórí àga yín. Ó ku ohun kan tí mi ò sọ fún yín.

Làmídì wá sílé wa. Ó ti jáde lẹ́wọ̀n. Ọ̀sán Sátidé ni, ẹ ń sùn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ọkùnrin kan tó gbẹ bí igi, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ìjà ló bá wá. Mo ní ẹ ti lọ sí Ìwó. Ẹ sì ń hanrun nínú yàrá, Bàbá, mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì rán mi níṣẹ́ sí yín, ó yí padà, ó ń lọ. Mi ò jíṣẹ́ náà. Irọ́ lẹ kórìíra jù, ẹ̀rù ń bà mí kẹ́ ẹ má lọ mọ̀ pé mo pa á. Ọdún wá ń gorí ọdún. Lórí ibùsùn àìsàn yín, ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu mi sì wúwo. Ṣé oúnjẹ ì bá ti dùn lẹ́nu yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká ní mo sọ ọ́?

Ẹ dákun, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi báyìí. Ó ní kí n sọ fún yín pé Làmídì wá kí yín. Ó ní òun ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ó ní kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó jíṣẹ́.