Ẹsẹ̀ Nakasujja Tó Wú

                                        Òkè Kauga,
                                        Mukono,
                                        Uganda.
                                        14 Oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Restituta àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Bukoba? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé òtútù adágún kò tún dà á láàmú? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé kọfí rẹ̀ ti ń pọ́n? Ara tèmi le. Ojú ló ń tì mí.

Nakasujja, ọmọ arákùnrin wa, ti bímọ. Ọkùnrin ni, ó sì kéré gan-an, nítorí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ń ru, díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì bá a lọ.

Ẹ gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta. Ẹ mọ̀ pé ẹnu àwa ssenga, arábìnrin bàbá, ni aláboyún ilé wa ń wò. Èmi ni Nakasujja ń wò. Mo ń fi emmumbwa ránṣẹ́ sí i, amọ̀ àtewé tí a pò pọ̀, kó máa mu ún. Ó wá sílé mi lọ́jọ́ kan, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ssenga, ẹsẹ̀ mi ò wọ bàtà mọ́. Orí sì ń fọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọba ló wà níbẹ̀, kò fẹ́ kí ìyá òun fẹsẹ̀ rìn. Wo ojú rẹ náà bó ṣe kún. Ọkọ ń tọ́jú ẹ."

Ó ní nọ́ọ̀sì ní kí òun padà wá kí àwọn wọn ìfúnpá òun. Mo ní ooru ni, ẹsẹ̀ tèmi náà wú nígbà tí mo lóyún, kó lọ sinmi. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìwádìí.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọmọ náà jáde, dókítà fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Ó ní ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá ń ru, tí oúnjẹ kò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó nínú oyún, iṣan ọmọ lè le ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn lónìí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lè tètè bá a bó bá dàgbà, nítorí náà kó máa mu wàrà ìyá, ká má fi èéfín sìgá sún mọ́ ọn, ká sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Mo bi í bóyá ì bá má rí bẹ́ẹ̀ ká ní ìyá rẹ̀ tètè dé. Ó ní òun kò lè búra, ẹ̀jẹ̀ náà lè ru síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ì bá ti fún un lóògùn, ọmọ ì bá sì pẹ́ sí i nínú.

Ìyá ọkọ Nakasujja wò mí láti òkè délẹ̀. "Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yẹn, ssenga, kò séyìí tó mẹ́nu ba ẹsẹ̀ wíwú?"

Mo dìde, mo bá tèmi lọ. Láti ìgbà náà, n kò yọjú sí wọn. Omi ewé tó yẹ kí n fi wẹ ọmọ, n kò sè é. Kí n lè bẹ̀ yín pé kí ẹ wá wẹ̀ ẹ́ dípò mi ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ibí yìí ni mo dé tí fóònù fi dún. Nakasujja ni.

"Ssenga, ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ yín ni? Gbogbo ọrùn rẹ̀ ń rùn wàrà, ẹ ò wá."

Mo ní ojú ń tì mí.

"Ẹ gbé ojú yẹn bọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á tún wo iṣan rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè dá gbé e lọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ, torí ẹnu yín náà ni màá ṣì máa wò."

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ìyá ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ má wá rọ́pò mi mọ́. Èmi ni n óò gbé ọmọ náà síwájú ẹ̀rọ, n óò sì dúró títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Bí aláboyún kan bá gbé ẹsẹ̀ wíwú wá bá yín ní Bukoba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Mo ń lọ wẹ̀ ẹ́ báyìí. Kí n tó já ewé, mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní omi lásán ni fún ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Omi lásán ni n óò lò.

Àbúrò yín tí ojú ṣì ń tì,
Nannyonga.