Ṣé Ó Jìnnà?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ohùn mi ti há. Gbogbo ẹni tó gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí ló ń bi mí pé ṣé òtútù ló mú mi. Òtútù kọ́, gọ́ọ̀lù ni. Àbúrò mi tún ti ṣe é níjẹta — ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ìlà àárín pápá, ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbá a. Aṣọ́lé wọn ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn, títí òun àti bọ́ọ̀lù fi jọ wọ inú àwọ̀n.

Èmi ni mo pè é, bí ìṣe wa. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan Òkèèrè lẹ́sẹ̀ — orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè é nìyẹn — màá gbé àrọ tí mo fi ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì sẹ́nu, màá ní: ṣé ó jìnnà? Gbogbo èrò á dìde: kò jìnnà. Ìgbà yẹn ló máa gbá a. Bí mi ò bá tíì pè é, kì í dán an wò. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ni aṣọ́lé.

Ìyàwó mi ní òun ò mọ adùn tó wà níbẹ̀. Ó ní ṣebí ọ̀kan ni ti ìtòsí, ọ̀kan náà ni ti òkèèrè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Ti ìtòsí, a kàn ń wò ó ni. Ti òkèèrè, bọ́ọ̀lù wà lófuurufú, kò tíì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bú láàárọ̀ á gbàgbé. Ẹni tí inú ń run á gbàgbé. Gbogbo wa á jọ mú èémí dání. Bó bá wá wọlé, á dà bíi pé àwa la gbá a.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀rọ̀ ò dáa. Mo bá àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Iṣan òkè orúnkún ọ̀tún ti ya díẹ̀. Ó lè sáré, ó lè fi bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbá a tagbára-tagbára títí oṣù méjì. Dókítà ní bó bá já, ó parí nìyẹn. Èmi ló kọjú sí tó fi sọ ọ́ — èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní a ti gbọ́.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ló kù. Lẹ́yìn àṣekágbá ni ẹgbẹ́ ńlá tó fẹ́ gbà á ní kó máa bọ̀. Kóòṣì — Bàbá Fún-un ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, torí kò mọ̀ ju "fún un, fún un" lọ — inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wí pé kí Òkèèrè yé gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Ó ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹgbẹ́ kejì má baà gbọ́.

Màámi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní èmi ni mò ń kì í láyà, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo ṣèlérí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A borí, oókan sódo. Bọ́ọ̀lù ìtòsí. Mi ò gbé àrọ lọ. Àwọn èèyàn ń kùn. Onígbàjámọ̀ tó máa ń jókòó tì mí ní ṣé mo bá àbúrò mi jà ni. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Ẹnu ń yún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Àṣekágbá lọ́la. Mo ti àrọ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo fi kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó mi. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó wọlé. Mi ò lè kọ èyí tó kù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kí n kọ ọ́.

Oókan sí oókan. Ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, níbi tó ti máa ń ṣe é gan-an. Aṣọ́lé wọn ti jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí i. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Kò sí àrọ, ọ̀fun lásán — ṣé ó jìnnà? Gbogbo pápá dáhùn bí ẹni tí ebi ti ń pa.

Gọ́ọ̀lù tó rẹwà jù tí mo rí láyé mi ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni. Ó lọ sókè, ó yí díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn aṣọ́lé bí ẹni tó mọ̀nà ilé. Onígbàjámọ̀ dì mọ́ mi. A ń fò. Mo ṣì ń fò nígbà tí mo rí i pé àwọn tó ń sáré lọ bá a ti dúró. Ó wà nílẹ̀, ó di itan mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Gbogbo fóònù ló ti wà. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan àwọ̀n ni wọ́n gé e sí, ẹnikẹ́ni ò rí i nílẹ̀. Oníbàárà kan fi hàn mí, ó ní kí n gbọ́ bí èrò ṣe ń hó. Mo tẹ́tí dáadáa. Ohùn mi ò sí níbẹ̀, ti èrò nìkan ni. Ara tù mí. Láìsí àrọ, láàárín irú èrò yẹn, ta ló máa gbọ́ mi? Bàbá Fún-un náà ní orí kunkun ọmọ náà ló ṣe é. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Iṣan ti já. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà ní yóò rìn. Mo bi í pé bọ́ọ̀lù ńkọ́, ó tún ní yóò rìn. Ẹgbẹ́ ńlá ránṣẹ́ pé ó kú ewu, àwọn ń gbàdúrà fún un. Wọn ò mẹ́nu ba ìgbà tó máa wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ sọ́dọ̀ Màámi. Wọ́n gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Mo lọ wo àbúrò mi ní yàrá rẹ̀. Igi ìtìlẹ̀ méjèèjì wà lára ògiri, ó ń wo gọ́ọ̀lù náà lórí fóònù. Mo jókòó sétí ibùsùn. Ìtùnú ni mo ń wá kiri, mo ní orí kunkun rẹ̀ yìí ló ṣe é, àbí?

Ó ní rárá. Ó ní òun ti fẹ́ fi bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì, òun ti yí ẹsẹ̀ sí i, kóun tó gbọ́ ohùn mi. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò mú àrọ dání. Ó ní ohun tóun fi dá a mọ̀ gan-an nìyẹn, pé ohùn àrọ kọ́, ohùn tí mo fi ń pe òun wálé wá jẹun nígbà tóun wà ní kékeré ni. Ó ní ṣebí mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n òun tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bá pè é, a jẹ́ pé ó ti rí i pé ẹsẹ̀ náà á gbà á.

Kò fi bú mi. Ó ń dúpẹ́ ni. Ó ní ká ní mi ò pè é ni, òun kì bá tí gbá irú rẹ̀ láéláé.

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Tèmi, ọmọ ìyá mi ló pa.

Ó fẹ́ lọ sí balùwẹ̀. Mo fẹ́ gbé e, kò gbà. Ó kó igi méjèèjì sábẹ́ apá, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é.

Mo pè é. Ohùn mi ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé kò jìnnà. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé ẹnu ọ̀nà.