Ilá Tí Kòkòrò Kò Jẹ Mọ́

Màámi àtàtà,

Ilá yín ti so lẹ́yìnkùlé. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, kò sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ṣé ẹ rántí àwọn kòkòrò kéékèèké yẹn, tí ẹ̀yìn wọn dúdú bí aró, tí wọn kò tó hóró ìrẹsì? Bí ọwọ́ bá ti kan ewé ni wọ́n ń fò dànù. Ẹ máa ń gbọn eérú sí wọn láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, ẹ á máa bú wọn bí ẹni ń bú ọmọ aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹ kì í pa wọ́n run. Bí ẹ bá ń ra ẹ̀fọ́ ní Mazamaza pàápàá, èyí tó ní ihò lẹ máa ń ṣà. Àwọn ọlọ́jà á máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ohun tí kòkòrò bá kọ̀, ẹ̀yin náà kì í gbé e wọlé.

Láti ìgbà tí a ti sin yín, Bọ̀dá ló ń tọ́jú ilá náà. Eérú sú u. Ó lọ ra oògùn apakòkòrò ní Mile 2, ó sì ń fín in ní ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ń rí òkú alángbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo sọ fún un, ó ní ó pẹ́ tí alángbá ti ń kú ní Festac. Ẹ̀yin nìkan ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ lóyún, Màámi. Ọmọ-ọmọ yín àkọ́kọ́. Ilá tútù ló ń wù ú, á já a lórí igi, á jẹ ẹ́ láìfọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró, ó rò pé mò ń fi ilá ìyá mi ṣahun ni.

Lọ́sàn-án òní, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn bò ó, kò ríran dáadáa mọ́. Bọ̀dá gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì pè mí pé dókítà fẹ́ mọ orúkọ oògùn náà. Mo rí i lẹ́yìn táńkì omi. Inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni àwọn tó tà á fún un rọ ọ́ sí, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́ báyìí, mò ń gbé ìgò náà lọ sí ọsibítù, mò ń tẹ èyí sórí fóònù kí n má baà sunkún níwájú awakọ̀.

Bọ̀dá tún ti ń pè. Kí ni kí n sọ fún un?

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń ké sí yín bí nǹkan bá le.