Àpótí Dígí Tí Mo Fi Ìró Yín Bò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo kí ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, mo kí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fún yín má fo ibi tí ẹ̀rù wà, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ ní kí n wálé lóṣù tó ń bọ̀ wá fa Àbẹ̀kẹ́ lé ọkọ lọ́wọ́, níwọ̀n bí Bàbá kò ti sí mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, òyìnbó tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ilé ní Àjàṣẹ́ níbí ra àpótí dígí ńlá kan, ó ní kí n pọn omi òkun sí i, kó lè máa wo ẹja láti orí àga rẹ̀. Omi ọ̀sà tó wà nítòsí wa kò níyọ̀ tó, Sẹ̀mẹ̀ létí òkun ni mo ti ń fi ṣágo gbé e wá. Ẹja méje ló kó sínú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá kú, ojú mi á rí nǹkan. Kì í ṣe àwàdà o. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé, àwo kan ṣoṣo ló fọ́, wọ́n fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá múni la ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àlejò kì í wọ ilé wa kí ebi pa á. Àánú àwọn ẹja tó jìnnà sílé yẹn ṣe mí. Mo ń gún edé fún wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ kù, mo ní ojú ló ń tì wọ́n, mo tún bù sí i. Mo sì gbé àpótí náà sójú fèrèsé, kí wọ́n lè máa yáàrùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ bí ilá fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára dígí. Mo fọ̀ ọ́ lónìí, ó hù lọ́la. Omi di àwọ̀ ewé, ẹja méjì kú. Ọ̀gá mi wà ní Kútọnu, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó dé. Ọyẹ́ ń fẹ́, àmọ́ mò ń làágùn.

Mo sáré lọ bá bàbá apẹja kan ní Sẹ̀mẹ̀, Ègùn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní oúnjẹ àjẹkù àti oòrùn ni mo fi ń tọ́ nǹkan tútù náà dàgbà. Ó ní kí n máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí n pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, kí n sì bo àpótí náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́. Ó ṣa ìgbín òkun fún mi tí yóò máa jẹ èyí tó kù.

Kò sí aṣọ tó nípọn lọ́wọ́ mi àfi ìró tí ẹ ká lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Kétu. Mo pààrọ̀ omi díẹ̀, mo kó ìgbín náà sí i, mo sì fi ìró náà bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, n kò mọ̀ bóyá òkú ni mo bò tàbí ààyè.

Ọ̀gá mi dé kí n tó ṣí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ká ìró yín kúrò. Omi mọ́. Ẹja márùn-ún ń lúwẹ̀ẹ́. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Mo jẹ́wọ́ pé àánú mi ló pa méjì yòókù. Ó ní kò burú. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà ní gbogbo Àjàṣẹ́, nítorí náà n kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja rẹ̀, ì báà ṣe ọjọ́ kan.

Ìyá mi, kí ẹ̀gbọ́n Bàbá mi bá mi fa Àbẹ̀kẹ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, torí èyí tó bá tún kú, ọwọ́ mi ni wọ́n ti máa béèrè rẹ̀. Kí Olódùmarè dá yín sí dè mí, kí ilé ọkọ tu Àbẹ̀kẹ́ lára. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ má sì retí ìró yín, òyìnbó ní kó máa wà lórí àpótí náà.

Èmi ni Àkànní, ọmọ yín.