Àwọn Abẹ́rẹ́ Abẹ́ Tábìlì

                                        Yàrá Ìránṣọ, Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró nídìí iná. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ àbíkẹ́yìn yín lẹ́nu ti rọlẹ̀, tí ẹ̀yin náà sì ń rí oorun sùn? Ara tèmi le. Ìyá wa ní kí n sọ fún yín pé ara tàwọn náà le, mo sì ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ológbò tí ẹ ní ẹ máa mú bọ̀ láti ilé búrẹ́dì yín ní Sátidé ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Àwa la bẹ̀ yín. Láti ọjọ́ tí eku ti jẹ ọrùn búláòsì oníbàárà kan ni ìyá wa ti ń ka ọjọ́ dè é. Wọ́n ní àwọn ò lè máa ránṣọ kí eku máa bá àwọn gé e.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà ẹranko tó ń gbé lókè wa, kí n lè mọ ohun tó yẹ ká ṣe sílé kí ẹ tó dé. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ gba ọmọ ológbò ni àbí ẹ fẹ́ pa á?" Ó ní tó bá rí òwú, á fi ṣeré títí á fi gbé e mì, tí abẹ́rẹ́ bá sì wà lẹ́nu òwú yẹn, á gún un nífun.

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ méjì ló rá kiri inú yàrá yìí. Èwo ló gbé abẹ́rẹ́ mì nínú wọn?"

Ó ní, "Àwọn yẹn ò lè fò gorí tábìlì, Màmá."

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí ìyá wa lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Mo gbé páálí kan sígun, mo tẹ́ àgékù aṣọ tó nípọn sínú ẹ̀. Mo bu iyanrìn sínú abọ́ fífẹ̀ kan fún ìgbẹ́ ẹ̀. Mo so kọ́tìnnì sókè, mo dí ihò ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo kó gbogbo òwú sínú agolo bisikíìtì. Mo wá mú irin òòfà tá a yọ lára rédíò tó bàjẹ́, mo so okùn mọ́ ọn, mo ń wọ́ ọ kiri ilẹ̀ bí ẹni tó ń fa ajá. Abẹ́rẹ́ mọ́kàndínlógójì ni mo rí. Méjìlélọ́gbọ̀n nínú wọn ló yí àga ìyá wa ká. Mo tún un kà. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń bá wa jà tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo bá já bọ́ tá ò mú un.

Ìgbà tí mo wọ abẹ́ tábìlì ni mo tún rí àwọn mìíràn. Wọ́n kan aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ abẹ́ etí ẹ̀, abẹ́rẹ́ sì to sára aṣọ náà: méjìlá lápá òsì, òwú dúdú lójú gbogbo wọn, méjìlá lápá ọ̀tún, òwú funfun. Inú bí mi. Mo ní ìwà jákujàku wo lèyí. Mo fa òwú kúrò lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo da abẹ́rẹ́ sínú agolo, mo dé e pa. Inú mi wá ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ìyá wa dé, wọ́n yìn mí, wọ́n jókòó, wọ́n fa síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan mọ́ra láti ṣẹ́ etí ẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ òsì sábẹ́ tábìlì láì wo ibẹ̀. Ọwọ́ náà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Wọ́n wá gbé e lé itan.

"Adákẹ́, àwọn abẹ́rẹ́ mi dà?"

"Mo ti kó wọn pamọ́, mà. Nítorí ọmọ ológbò."

"Ṣé òwú ṣì wà lójú wọn?"

"Mo ti yọ ọ́, mà."

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Àárọ̀ nìkan ni oòrùn máa ń gba fèrèsé yẹn wọlé. Ìgbà yẹn ni mo lè rí ojú abẹ́rẹ́ ti òwú bọ̀. Mẹ́rìnlélógún á gbé mi dé ìrọ̀lẹ́. Kí n má baà máa pè ọ́ ṣáá."

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí ẹ máa ń sọ pé nǹkan kì í pamọ́ lójú mi, inú yàrá kan náà la jọ ń jókòó sí. Mo tún òwú bọ gbogbo ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, dúdú lósì, funfun lọ́tùn-ún. Wọ́n fa ọ̀kan yọ, wọ́n fọwọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n ní, "Ó gùn jù. Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fi so?" Mo ní ká lọ rí oníṣègùn ojú. Wọ́n ní iná yàrá ló ń ṣókùnkùn, pé kí n má jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi.

Ibi tí mo há sí nìyí. Tí abẹ́rẹ́ bá wà lábẹ́ tábìlì, ọmọ ológbò lè kú. Tí mo bá kó o kúrò, mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ ológbò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá ní Sátidé, ká jọ mú wọn lọ rí oníṣègùn ojú. Wọn ò ní gbọ́ tèmi. Wọ́n á gbọ́ tiyín.

Ohun pupa inú àpò ìwé yìí ni okùn ọrùn tí ìyá wa rán fún ọmọ ológbò náà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi ránṣẹ́, kí ẹ fi wọn ọrùn ẹ̀ wò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ sídìí búrẹ́dì. Ẹ gbé e síwájú iná, kí ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi fọwọ́ pa àbíkẹ́yìn yín lórí. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìyá wa ń bi mí bóyá mo ti sọ fún yín pé àwọn ò fẹ́ ọmọ ológbò dúdú mọ́, pé funfun ni kí ẹ mú, kó lè hàn nílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí àwàdà. Mo ní mo ti sọ.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà fún yín,
                                        Adákẹ́.