Bàbá Tó Ń Wé Wáyà Bàbà

Ìyá mi,

Mo mọ̀ pé ojú yín ti wà lọ́nà. Ara mi le. Bí mo bá rù nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, aṣọ ló tóbi.

Ilé iṣẹ́ fáànù wa ní ìlú Bắc Ninh níbí ti ṣí padà. Ogun ló dí ọ̀nà òkun, ni ọkọ̀ tó ń kó ẹ́ńjìnnì fáànù bọ̀ bá gba ọ̀nà jíjìn. Ẹ́ńjìnnì tán nílẹ̀, wọ́n ní ká lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo sinmi dáadáa, mo tilẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi agolo ìrẹsì kan jẹun ọjọ́ méjì.

Ìgbà náà ni mo rántí Bàbá Khiêm, àgbàlagbà àdúgbò wa tó máa ń tún fáànù tó jóná ṣe. Mo mú ọ̀gá wa, Ẹ̀gbọ́n Nhàn, lọ bá a.

Ẹ̀gbọ́n Nhàn bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ lè ṣe ẹgbẹ̀rún kan ẹ́ńjìnnì lọ́sẹ̀?"

"Ọwọ́ méjì péré ni mo ní, ọmọ mi. Ẹ yá mi ní tiyín."

Bí ogójì obìnrin ṣe jókòó sí àgbàlá rẹ̀ nìyẹn, tí à ń wé wáyà bàbà tó ń mú ẹ́ńjìnnì fáànù yí. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ń yí sẹ́yìn, kò fẹ́ atẹ́gùn síwájú.

Bàbá ní, "Ẹ tà á fún ẹni tí òtútù ń mú."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lánàá, fáànù àkọ́kọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì tiwa fẹ́ atẹ́gùn sí wa lójú. Ẹ̀gbọ́n Nhàn ní bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dé, iṣẹ́ Bàbá kò ní dúró.

Ẹ bá mi kí Hiền ọmọ mi. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ yín,
Thắm