Agogo Kì Í Rìn Sẹ́yìn Nínú Ìkòkò Mi

Ọmọ mi Mò-ń-bọ̀,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ ti dẹwọ́ wàhálà? Àwa náà wà níbí, a ò rojọ́. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí bíírò mú lónìí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo. Jókòó kó o tó ka ìyókù, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró kà.

O rántí páálí irinṣẹ́ bíà tó o fi ránṣẹ́ sílé, tó o ní onílé rẹ ò fẹ́ gbọ́ òórùn bíà nínú ilé òun mọ́, pé kí n ta gbogbo ẹ̀, bí n ò bá rí ẹni rà á kí n dà á nù. Ọdún méjì lo fi ń sọ fún wa pé iṣẹ́ bíà pípọn lo fẹ́ ṣe jẹun, mo sì ń béèrè ìgbà tó o máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ ń dá mi lóhùn pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹlẹ́dẹ̀ ti ki imú bọ ọgbà tán, ìwọ ń wo ọgbà láti òdìkejì títì ni.

Nísàlẹ̀ páálí yẹn ni mo ti rí fọ́ọ̀mù ìdíje àwọn tó ń pọn bíà nílé. Bíà aláwọ̀ oyin ni wọ́n fẹ́, kó lágbára, kó sì kún fún ewé kíkorò tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní máa lo àgbá ilé ìpọntí wọn fún ọdún kan gbáko lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó o ń wá nìyẹn, o kọ orúkọ rẹ sórí ẹ̀, o wá pa á tì. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Mo bi ara mi pé ta la tún ń dúró dè, n ò rí ẹnì kankan, mo bá tan gáàsì.

Nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá iwájú wa ló bá mi fọ gbogbo nǹkan, ó ní ìdọ̀tí ń ba bíà jẹ́ bó ṣe ń ba ojú egbò jẹ́. Bàbá rẹ rí gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní nọ́ńbà lára, ó fi há abíyá, ó ní ara òun le dáadáa. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní agbára bíà ni wọ́n fi ń wọ̀n. Àwọn ewé kíkorò tí wọ́n fún pọ̀ sínú ọ̀rá mẹ́ta yẹn náà, kékeré, àárín àti ńlá, bàbá rẹ ti gbé ńlá dé ẹ̀yìnkùlé kó lọ fún adìyẹ jẹ kí n tó ké sí i.

Mo da oje ọkà bálì sínú omi, ó hó, mo wá gbé ìwé ìlànà. Wọ́n ní kí n sè é fún wákàtí kan. Wọ́n ní ọ̀rá kékeré ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ti àárín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ńlá ní òdo. Ta ni ò mọ̀ pé òdo ló ṣáájú? Bó ṣe ń hó báyìí ni mo da ńlá sí i, mo da ti àárín ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, mo fi kékeré kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Mo pa iná, inú mi dùn sí ara mi.

Nígbà tó tutù, a da yíìsì sí i, a dé e pẹ̀lú ìdérí olómi rẹ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Láràárọ̀ ni bàbá rẹ ń kí i, ó ní ohun tó bá ń mí nínú ilé òun ò gbọ́dọ̀ jí láìgba ìkíni.

Ọjọ́ kẹrìnlá, bí a ṣe ń rọ ọ́ sínú ìgò, ni nọ́ọ̀sì yí ẹ̀yìn ìwé ìlànà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye ìṣẹ́jú tó kù ni àwọn ń kà, pé ọ̀rá ńlá ló yẹ kó kẹ́yìn kó lè máa ta sánsán, bó bá pẹ́ lórí iná ó máa korò. Ó tọ́ díẹ̀ wò, ó ní àwọn oògùn kan wà lọ́sibítù tó sàn jù ú lọ. Ọmọ mi, n ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ rẹ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe tèmi, kò sì sí àyè mọ́ láti pọn òmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ mu ife kan, ó dìde lọ kí káfíńtà tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo ní bíà tó lè ṣe irú èyí, ó ti tó rán níṣẹ́.

Mo parí fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí, mo kọ ọjọ́ tí bíà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Níbi ìrírí, mo kọ pé èmi ni mo bí ẹni tó ni páálí. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ tí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló wà fún, mo bá kọ ẹ kú iṣẹ́ síbẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgò bíà.

Lánàá ni wọ́n pè sórí fóònù nọ́ọ̀sì, nọ́ńbà ẹ̀ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo gbọ́ pé olórí àwọn adájọ́ ni, mo lọ wọ bàtà kí n tó gbà á. Obìnrin náà ní ìgò mọ́kànlélógójì ni àwọn tọ́ wò, pé àwọn yòókù ń ta sánsán bí èso, wọ́n á sì bẹ àlejò kí wọ́n tó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ipò kìíní. Ó béèrè ọgbọ́n tí a dá. Mo ní nínú ilé tiwa, agogo kì í rìn sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ọmọ mi lè ṣe é.

Nítorí náà, wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ lo mọ bó ṣe tọ́ ká ṣe é, o gbọ́dọ̀ wá kọ́ èyí tí kò tọ́ lọ́wọ́ mi, torí òun ni wọ́n fẹ́, àgbá rẹ á sì ti ṣófo dè ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ìdí tí n ò fi pè ọ́ nìyí: o máa ní mò ń bọ̀. Lẹ́tà ò ní gbọ́.

Mú owó gáàsì dání, àti ti ìkòkò tuntun, torí ewé yẹn ò fẹ́ kúrò lára tèmi. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi o, ojú ẹ̀ ti sán, n ò fẹ́ kí owó jò dànù lọ́nà.

Adùn ni yóò gbẹ̀yìn ewúro rẹ. Ìkorò ò ní kàn ọ́ láyé, àfi irú èyí tí àwọn èèyàn á máa tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ láti rà.

Èmi ni ìyá rẹ, igbákejì rẹ nínú iṣẹ́ bíà.